Ọjọ́ Tí Ọ̀rẹ́ Mi Tẹná

Gberefu ni wọ́n ti bí ìyá mi kékeré, àbúrò ìyá mi, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ títì tó gba Ajido lọ sí Iworo ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀. Àgbọn ló ń tà níbẹ̀, pẹ̀lú àdín àgbọn nínú ìgò. Ìyá mi kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, òun ló sì tọ́ mi dàgbà. Kì í ṣe èmi nìkan ló tọ́. Ọmọkùnrin kan wà ní ilé kejì tí bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ojú omi, tí kì í sábà sí nílé. Ọ̀dọ̀ wa ló ti ń jẹun, orí ẹní kan náà la jọ ń sùn. Nígbà tí a fi máa wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, àwọn ará àdúgbò ti gbàgbé pé kì í ṣe inú kan ló bí wa. Èmi di tíṣà. Òun di ejẹ́ǹtì ní Sẹmẹ, lára àwọn tó ń bá èèyàn gba ẹrù àti mọ́tò jáde lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè. "Tíṣà" ló máa ń pè mí. Ìyá mi kékeré, "Ìyá wa" ló ń pè é.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tó ra ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná. Kútọnu ló gbà wọlé, ó funfun báláú, kò ní ẹ́ńjìnnì tó ń dún, kò ní èéfín. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ló ti ń fi wáyà sí i lára bí ẹni tó ń ṣáàjì fóònù, sólà tó tò sórí òrùlé ló sì ń fún un níná. Ó gbé mi jáde nínú rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Nígbà tá a dé ibi tí títì ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ó dúró, ó ní kí n fi orí ti àga. Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe. Ó tẹná.

Mo ti wọ ọkọ̀ tó ń sáré rí. Ta ni kò wọ ọkọ̀ Sẹmẹ rí? Ṣùgbọ́n àwọn yẹn máa ń kọ́kọ́ bú, wọ́n á mì jìgìjìgì, awakọ̀ á yí jíà, kí eré tó dé. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì á ti gbọ́ pé nǹkan ń bọ̀. Èyí kò bú. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kan ibi tí wọ́n ti ń tẹná báyìí ni ẹ̀yìn mi lẹ̀ mọ́ àga, ó dà bíi pé ikùn mi ṣẹ́kù síbi tá a ti gbéra. Kí n tó parí "Olúwa mi ò" tí mo fẹ́ pè, a ti kọjá òpó iná mẹ́rin.

"Ọjọ́ kan lo máa fi nǹkan yìí pa èèyàn," mo wí, mo ṣì ń rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, ọkọ̀ yìí lójú ju èmi àti ìwọ lọ. Tó bá rí èèyàn níwájú, á dúró fúnra ẹ̀."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Mo rán an létí pé ojú ọ̀nà yìí kan náà ni Ìyá wa jókòó sí, pé ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ilé ìwé mi ń gbà lọ sílé. Ó wò mí lójú. Ó wá fọwọ́ kan gíláàsì fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ bíi ti fóònù tó wà láàárín ọkọ̀, ó fi hàn mí pé èèyàn lè pàṣẹ fún ọkọ̀ náà kó máa gbéra jẹ́jẹ́, èèyàn sì lè tú agbára rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Ó fi sí ti jẹ́jẹ́ lójú mi.

"Ibẹ̀ ló máa wà. Mo fi Ìyá wa búra."

Mo gbà á gbọ́. Nígbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, mo tiẹ̀ ń fi ṣe fáàrí fáwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi pé ọ̀rẹ́ mi ra ọkọ̀ tó lágbára bí ìjì, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kì í ṣe ẹni tí agbára ń gùn.

Ìyá mi kékeré mọ títì bí apẹja ṣe mọ ọ̀sà. Kò kàwé, ṣùgbọ́n ó lè wo mọ́tò tó ń bọ̀ lókèèrè kó sọ fún ọ bóyá àyè wà tàbí kò sí. Òdìkejì títì ni ẹ̀rọ omi wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń já àgbọn rẹ̀ sí, nítorí náà á tó ìgbà mẹ́wàá tó ń sọdá lójúmọ́. Òfin tó fi ń sọdá kò le. Bí ọkọ̀ bá ń sáré bọ̀, dúró. Bí ọkọ̀ bá dúró, máa lọ; kí ó tó gbéra, kí eré tó wọ̀ ọ́ lára, arúgbó pàápàá á ti dé òdìkejì. Òfin yìí kan náà ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi.

Ọjọ́bọ̀ kan ni, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mò ń kó ìwé àwọn ọmọ jọ lórí tábìlì nígbà tí fóònù mi dún. Ọ̀rẹ́ mi ni, ẹkún ló ń sun.

"Tíṣà, máa bọ̀ ní ọsibítù. Mo ti fi ọkọ̀ gbá Ìyá wa."

Mo bá a lórí bẹ́ǹṣì níta, ẹ̀jẹ̀ wà lápá ẹ̀wù rẹ̀. Ó dì mọ́ mi gbágbáágbá. Ó ní òun páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni, pé bí òun ṣe fẹ́ rọra gbéra ni ọkọ̀ fò lọ fúnra rẹ̀, òun tẹ bíréèkì, bíréèkì kò gbọ́. Ó ní Ìyá wa já sójú títì lójijì, òun ò rí i rárá àfìgbà tí òun gbọ́ ìró.

"Ọkọ̀ yẹn ló dà mí," ló ń wí ṣáá. "Ọkọ̀ yẹn ló dà mí."

Egungun itan ló dá, ìbàdí náà sì yẹ̀. Dókítà ní bó bá tiẹ̀ tún máa rìn, kò ní rìn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kò fi wá sílẹ̀ rárá. Lójoojúmọ́ ló ń wá, ó ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ gbígbóná sí ìyá mi kékeré lẹ́nu, òun ló ń nu ẹnu rẹ̀. Ìyá mi kékeré á máa fọwọ́ pa á lórí, á máa fi èdè Ègùn tù ú nínú, pé kò sí ohun tó ṣe, pé irin ni kò mọ èèyàn.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ìyá mi kékeré bí ń ránṣọ ní Badagry. Ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ ọ́ létí. Ó ní ọkọ̀ kì í fò fúnra rẹ̀, pé kí àwọn ọlọ́pàá tó ti gba ọkọ̀ náà sọ́dọ̀ gbé e lọ fún àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi ni mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Mo sọ gbogbo ohun tí ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi, bí ẹni pé ojú mi ló ṣe. Nígbà tí kò gbà, mo ṣe ohun tí ẹ̀gbọ́n kì í ṣe fún àbúrò: mo dọ̀bálẹ̀ láàárín àkísà aṣọ tó wà nílẹ̀.

Ó fò dìde nídìí ẹ̀rọ. "Bùọ̀dá mi, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èpè lé mi lórí!" Ó ń sunkún. "Tí ẹ̀yin bá ní bó ṣe rí nìyẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo gbà gbọ́ o. N ò gba ẹni yẹn gbọ́."

Ọjọ́ kejì ni mo fọwọ́ síwèé ní àgọ́ ọlọ́pàá, pé ẹbí ti yanjú ọ̀rọ̀ náà láàárín ara wọn. Wọ́n dá ọkọ̀ rẹ̀ padà fún un.

Ó ti ń lọ sí oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní àkókò ìsinmi ráńpẹ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé, nígbà tí tíṣà kan tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò gbé fóònù rẹ̀ síwájú mi. Fídíò kan ló ń rin ọwọ́ dé ọwọ́ láàárín àwọn èèyàn Sẹmẹ.

"Ṣé ọkọ̀ ọ̀rẹ́ yín tẹ́ ẹ máa ń sọ nìyí?"

Ẹni tó wà ní àga ẹ̀yìn ló yà á. Mo rí ọrùn ọ̀rẹ́ mi, mo rí gíláàsì tó wà láàárín ọkọ̀. Kò sí ní ti jẹ́jẹ́. Níwájú, lápá òsì, mo rí agboòrùn tí ìyá mi kékeré ń tajà lábẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ mi tó ń sọ pé kí wọ́n fi orí ti àga, pé òun máa ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ohùn obìnrin kan dá a lóhùn látẹ̀yìn pé, "Ẹ dúró ná, ìyá kan ń sọdá o."

Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín. "Ìyá wa nìyẹn. Á yára kọjá."

Ìyá mi kékeré ti dé àárín títì, ó gbá àgbọn méjì tí wọ́n ti bó mọ́ra lápá kan. Ó dá ọkọ̀ náà mọ̀. Ó gbé ọwọ́ kejì sókè, ó ń juwọ́ sí i.

"Ení. Èjì."

Kò dé ẹ̀ta tó fi tẹná. Fóònù náà bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó dì í mú, igbe sọ, fídíò parí.

Mi ò lè sọ bí mo ṣe dé ilé ọ̀rẹ́ mi ní Badagry. Mo kàn mọ̀ pé mo bá a níta, ó ń fi omi fọ ọkọ̀. Ó ti tún iwájú rẹ̀ ṣe. Kò sí àpá kankan lára rẹ̀. Mo gbé fóònù fún un. Ó wò ó títí tó fi parí, ó gbójú sókè.

"Ta ló fi èyí ránṣẹ́ sí ẹ?"

Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

"O rí Ìyá wa," mo wí.

"Mo rò pé á yára ni. Tíṣà, ìwọ náà mọ̀ pé ó máa ń yára."

"Ó ń juwọ́ sí ẹ."

Ó pa ẹ̀rọ omi. Ó ní àwọn tó fẹ́ bá òun ra irú ọkọ̀ náà lòun gbé, òun fẹ́ kí wọ́n rí bó ṣe ń gbéra ni. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀. "Ká ní mo sọ bó ṣe jẹ́ fún ẹ lọ́jọ́ náà, ṣé wàá bá mi bẹ àbúrò ẹ?"

"Rárá."

"Ṣó o rí i báyìí?" ló wí, bí ẹni tó ti ṣàlàyé ara rẹ̀ tán.

Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀ láti ìgbà náà. Fáàrí àti ìwàǹwára lè mú kí ẹnikẹ́ni tẹná. Ìyẹn ì bá yé mi. Ohun tí kò kúrò lọ́kàn mi ni ìdìmọ́ra tó dì mọ́ mi lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù. Ẹ̀jẹ̀ ìyá tó fún un lóúnjẹ ò tíì gbẹ lára ẹ̀wù rẹ̀, ó sì ti mọ irú irọ́ tí mo lè gbé, ó ti mọ ibi tí mo máa gbé e dé.

Mo sọ fún ìyá mi kékeré fúnra mi. Mi ò fi fídíò náà hàn án. Orí bẹ́ẹ̀dì ló wà, ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ó rí mi?"

"Ó rí yín, Màámi."

"Ó mọ̀ pé èmi ni?"

"Ó mọ̀."

Kò sunkún. Ó yí ojú sí ògiri, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ní ọjọ́ kejì, ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí ọmọ yẹn wọ yàrá òun mọ́.

Èmi àti àbúrò mi la jọ padà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Mo sọ fún wọn pé irọ́ ni mo fọwọ́ sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ̀ ọ́n sí irọ́ nígbà náà, mo sì fún wọn ní fídíò. Àbúrò mi ṣì ń kí mi, ó ṣì ń kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá ń sọ nǹkan fún un báyìí, á kọ́kọ́ bi mí pé, "Ṣé ẹ fojú ara yín rí i?"

Ọ̀rẹ́ mi ti ta ọkọ̀ náà kí wọ́n tó wá gbé e. Wọ́n ní ọkọ̀ náà wà lápá Òjó báyìí. Ní ilé ìwé, mo ti sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má gbára lé ọkọ̀ tó dúró mọ́, pé kí wọ́n wò bóyá ẹnì kan wà nídìí sítiárìn, kí wọ́n sì rí i dájú pé ó ti rí wọn. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń rántí pé ọ̀rẹ́ mi rí ìyá mi kékeré dáadáa.

Ní kóòtù, lọ́yà rẹ̀ bi ìyá mi kékeré pé kí ló dé tó fi sọdá níbi tí kì í ṣe ojú ìsọdá. Kò sí ojú ìsọdá kankan lójú ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá mi kékeré ní ọmọ òun ló wà nínú ọkọ̀. Lọ́yà ní ìwé kankan kò fi hàn pé ọmọ rẹ̀ ni. Adájọ́ kọ nǹkan sílẹ̀, ó sì sún ẹjọ́ síwájú.

Nígbà tá a jáde, ọ̀rẹ́ mi ń dúró lẹ́bàá ìlẹ̀kùn. Ó tẹ̀ ba, ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá wa." Mo dá kẹ̀kẹ́ Marúwá dúró, mo gbé ìyá mi kékeré sínú rẹ̀, mo sì jókòó tì í kó lè na ẹsẹ̀ tí kò ká yẹn lé mi lórí itan, títí a fi délé.