Yàrá Ọ̀fẹ́ Tí Misturat Kọ̀

Àwọn àgbẹ̀ Tẹ̀dé tó ń ta iṣu fún Misturat mọ̀ pé obìnrin náà kì í gba ìbúra gbọ́. Bí èèyàn bá búra fún un pé iṣu òun dára dénú, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á fa ọ̀bẹ yọ, á sì bẹ ìdí iṣu wò. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí málékà bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀, yóò kọ́kọ́ bi í pé ta ló rán an wá. Kì í bínú. Ìfura ló fi tọ́ àwọn ọmọ lẹ́yìn tí bàbá wọn kú.

Lọ́jọ́ kan, àkọ́bí rẹ̀, Ṣùkúrù, tó ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò n'Íbàdàn, pè é lórí fóònù.

"Ìyá mi, wàhálà ọjà yìí ti pọ̀ jù fún yín. Mo ti gba yàrá fún yín ní hótẹ́ẹ̀lì ńlá tuntun tó wà lẹ́yìn Ìsẹ́yìn. Màá wá pàdé yín níbẹ̀. Ẹ kàn máa jẹ, ẹ máa sinmi."

"Ta ló sọ fún ọ pé ó rẹ̀ mí? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ó ń bọ̀?"

"Ara rẹ̀ ò yá díẹ̀."

Ìdáhùn yẹn yá jù létí Misturat. Sodiqat, ìyàwó Ṣùkúrù, kì í ní ẹ̀fọ́rí lásán kó má pe ìyá ọkọ rẹ̀ kó sì bèèrè àgbo lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ ó di ẹrù rẹ̀, ó wọ mọ́tò, ó gba Òkèhò kọjá. Ṣùkúrù ti ń dúró dè é ní gáréèjì Ìsẹ́yìn. Ó ti rù. Èyí tó kù nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò tó nǹkan.

Wọ́n wa mọ́tò kọjá láàárín igi òrí àti ebè tí wọ́n ti wa iṣu inú rẹ̀ tán, títí wọ́n fi dé ẹnu géètì kan tó ga ju ti mọ́ṣáláṣí jímọ́ọ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n wọlé, ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí Misturat fi ká ìró rẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́ la odò kọjá. Ní ọwọ́ òsì, iná pupa àti àwọ̀ ewé ń tàn yòò lẹ́nu ọ̀nà kan. Ariwo kan ń ti ibẹ̀ wá, bíi kí ogunlọ́gọ̀ èèyàn máa tẹ aago kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkùnrin kan jáde níbẹ̀, kò kí ẹnikẹ́ni.

"Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Eré ni, Ìyá mi."

"Irú eré wo ni àgbàlagbà lọ ṣe tí ojú rẹ̀ fi fà ro báyẹn?"

Kí Ṣùkúrù tó dáhùn, ọmọbìnrin tó ń gba àlejò, tí wọ́n kọ Success sí àyà aṣọ rẹ̀, ti dìde. "Ọ̀gá Ṣùkúrù! Ó mà tó ọjọ́ mẹ́ta o! A ti ń retí yín."

Ṣùkúrù wúkọ́. Misturat gbé ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ ahọ́n.

Success ní yàrá mẹ́ta ló wà níwájú màmá, kí wọ́n yan èyí tó bá wù wọ́n, ọ̀fẹ́ ni. Ó fẹ́ fi àwòrán hàn wọ́n, ṣùgbọ́n Misturat ní òun ò ra ọjà nínú àwòrán rí, kí wọ́n jẹ́ kí òun fi ẹsẹ̀ òun débẹ̀. Wọ́n lọ. Bẹ́ẹ̀dì yàrá àkọ́kọ́ lè gba ìdílé kan, àmọ́ ìró aago yẹn ń wọlé láti ìsàlẹ̀. Fèrèsé yàrá kejì dojú kọ ẹnu ọ̀nà oníná yẹn gan-an. Kí èèyàn tó dé ẹ̀kẹta, àfi kó gba inú ilé eré náà kọjá.

"Ṣé kò sí yàrá tó jìnnà sí ariwo yìí ni?"

"Ó wà lẹ́yìn, Ìyá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Ó kéré, kò sì rẹwà. Owó lẹ sì máa san fún ìyẹn."

Misturat dúró gbọnin. "Ọmọ mi, orí mi ò gbé e. Èyí tí kò dára, owó ni. Èyí tó dà bí ààfin, ọ̀fẹ́. Ọjà ìlú wo ni wọ́n ti ń ná an báyẹn?"

"Ẹ̀bùn ni fún àwọn oníbàárà wa pàtàkì."

"Oníbàárà kí ni?"

Success wo Ṣùkúrù, ó sì wo ilẹ̀.

Ṣùkúrù sáré bẹ ìyá rẹ̀ pé kí wọ́n wọ yàrá àkọ́kọ́ ná, kí wọ́n kírun, nítorí àkókò Àsárì ti ń lọ. Ó gbà. Nígbà tó kírun tán, tí Ṣùkúrù lọ gbé ẹrù nínú mọ́tò, ó rí àwo èso lórí tábìlì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pẹ òyìnbó, wọ́n to àwọn nǹkan róbótó pupa kan jọ, tó dà bí ìdérí ìgò. Ó fi eyín kan ọ̀kan wò. Ike ni. Ó mú fóònù, ó pe Sodiqat.

"Ara ti le, ìyàwó mi?"

"Ìyá, ta ló ní ara mi ò yá? Ìlerò ni mo wà pẹ̀lú àwọn ọmọ, lọ́dọ̀ bàbá mi. Ẹ bi ọmọ yín bí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣe lọ. Ó ti fi ta tẹ́tẹ́ tán."

Nígbà tí Ṣùkúrù padà dé, orí àga ló bá ìyá rẹ̀, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì. Ike pupa wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Mo bá ìyàwó rẹ sọ̀rọ̀."

Ṣùkúrù sọ ẹrù sílẹ̀. "Mo ti jáwọ́, Ìyá mi. Láti ìgbà tí Sodiqat ti lọ, mi ò débí mọ́. Àwọn ni wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé yàrá wà fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní kí ẹ̀yin náà jẹ díẹ̀ nínú ohun tó ti bọ́ sọnù lọ́wọ́ mi níbí."

"O fẹ́ kí n sùn lórí oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ."

Ṣùkúrù kúnlẹ̀. "Irọ́ ni mo pa. Ó wù mí láti wá. Láti ọjọ́ tí àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ti dé, oorun ò kùn mí mọ́. Mo rò pé bí ẹ bá wà lọ́dọ̀ mi, mi ò ní lè wọ ibẹ̀."

Misturat wò ó títí. Ó fẹ́ gbà á gbọ́, àmọ́ ẹnu tó sọ pé Sodiqat ń ṣàìsàn náà ló ń sọ̀rọ̀ yìí. Kò mọ̀ bóyá ọgbà ni ọmọ rẹ̀ fẹ́ fi òun ṣe, tàbí ìbòjú.

Oòrùn ti ń wọ̀, ó sì ti pẹ́ jù láti wa mọ́tò lọ bá Sodiqat ní Ìlerò. Misturat sọ̀ kalẹ̀, ó da àwọn ike tẹ́tẹ́ náà síwájú Success.

"Ẹ fi ṣeré díẹ̀, Ìyá. Kò ní ná yín ní nǹkan kan."

"Ohun tí kì í náni ní nǹkan kan yẹn gan-an ni mo máa ń sá fún."

Ó tú owó ní ìdí ìró, ó gba yàrá ẹ̀yìn. Jẹnẹrétọ̀ ń mi fèrèsé ibẹ̀ gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, èéfín ilé ìdáná sì ń wọlé. Success ló mú wọn débẹ̀. Kó tó lọ, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí Misturat létí pé, "Ìyá, ẹ má jẹ́ kó padà wá o." Misturat ò mọ̀ bóyá àánú ni, tàbí bí wọ́n ṣe ń tajà nìyẹn.

Ó gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó tẹ́ ẹní sí ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá mi, ẹ ò lè sùn sílẹ̀."

"Ta ló fẹ́ sùn?"

Láàárọ̀, wọ́n forí lé Ìlerò. Sodiqat kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gba ẹrù lọ́wọ́ ọkọ. Ó ní òun ò tíì ní padà sí Ìbàdàn. Bí Ṣùkúrù bá fẹ́, kó dúró bá bàbá òun ro oko ẹ̀gẹ́, kí òun máa wo ìṣesí rẹ̀. Ṣùkúrù gbà.

Láti ìgbà náà, Misturat a kàn dédé yọ sí Ìlerò láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ìgbà tó lọ kẹ́yìn, wọ́n ní Ṣùkúrù wà lóko. Kò jókòó. Ó gun ọ̀kadà, ó ní kí wọ́n gbé òun lọ. Láti abẹ́ igi irú kan ló ti rí i láàárín ẹ̀gẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọkọ́, aṣọ rẹ̀ rin gbingbin. Kò mọ̀ pé ẹnì kan ń wo òun. Misturat dúró níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ó ní kí ọlọ́kadà yíjú padà. Nígbà tó padà délé bàbá Sodiqat, ó jókòó, ó ní kí Sodiqat fún òun lómi mu.