Ògiri Tí Mo Rẹ́ ní Dẹ́nmáàkì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ọ̀fà ló mọ̀ pé wọn kò fi mí ṣe ọ̀gá ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin nígbà tí ó kàn mí. Wọ́n ní mo ń gbéra ga. Wọ́n ní mo bú ọ̀gá. N kò bú ẹnikẹ́ni. Ògiri ni mo rẹ́.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, wọ́n yan àwa olùkọ́ mẹ́fà láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ fún oṣù mẹ́ta ní Dẹ́nmáàkì. Èmi nìkan ni obìnrin. Ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí wa jẹ́ ọmọ Ìjàgbó, ìlú tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé láti Ọ̀fà kí oòrùn tó mú. Òun ni yóò kọ ìròyìn nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan wa tí a bá padà dé, ìròyìn yẹn ni wọn yóò sì wò kí wọ́n tó fún mi ní ilé ìwé náà. Láti ọjọ́ tí a ti wọkọ̀ ni ó ti ń kìlọ̀ pé kí a má dójú ti orílẹ̀-èdè. Bí òyìnbó bá bi í léèrè irú ilé tí à ń gbé, yóò ní ilé bulọ́ọ̀kù ni gbogbo rẹ̀. Èmi a máa wo oúnjẹ mi. Mo mọ ilé ìyá rẹ̀. Mo ti jẹ iyán nínú rẹ̀. Ilé amọ̀ ni, ó sì dára, nítorí ìyá náà mọ ilé í rẹ́.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n kó wa lọ wo ilé àwọn Fáíkìn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe àwọn baba ńlá wọn, jagunjagun tí ń wa ọkọ̀ lórí òkun. Ilé àtijọ́ náà ti wó tipẹ́. Orí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ irú rẹ̀ mìíràn kí àlejò lè rí i. Ó gùn ju kọ́ọ̀ṣì reluwé kan lọ, òrùlé rẹ̀ sì rí bí ọkọ̀ ojú omi tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Nígbà tí mo wọlé, imú mi mọ ibi tí mo wà kí ojú mi tó mọ̀ ọ́n: èéfín igi, koríko òrùlé, amọ̀, ìgbẹ́ màlúù. Ààrò wà láàrin ilé, pẹpẹ tí wọ́n ń sùn lé sì gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ títí. Olórí wa fi áńkáṣíìfù bo imú.

Baba arúgbó tí ń tọ́jú ilé náà fi ògiri kan hàn wá tí amọ̀ ara rẹ̀ ti bó. Amọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù tí wọ́n fẹ́ fi lẹ̀ ẹ́ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ọdọọdún ni à ń lẹ̀ ẹ́, ọdọọdún ni ó ń bó," ó wí. "A kò mọ ohun tí àwọn baba wa ń ṣe sí i. Ní ilẹ̀ yín ńkọ́? Ṣé ẹ ṣì ní ẹni tó mọ̀ ọ́n?"

Olórí wa rẹ́rìn-ín. "Rárá o. Ìyẹn ti kúrò lọ́wọ́ wa."

Mo wo ògiri náà. Wọ́n ti lẹ amọ̀ mọ́ ọn nípọn bí búrẹ́dì, lórí ògiri gbígbẹ, láìfi iyanrìn sí i. Nílé wa, ọkùnrin ló ń mọ ilé, obìnrin ló ń rẹ́ ẹ. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, gbogbo ìyàwó ilé a jáde. Mo tó ọmọ ọdún méje nígbà tí ìyá mi fún mi ní ìpín tèmi lẹ́yìnkùlé, níbi tí àlejò kò lè rí i. Ọdún mẹ́rin ni mo lò lẹ́yìnkùlé yẹn kí ó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan iwájú ilé.

"Èmi mọ̀ ọ́n," mo wí.

Olórí wa sún mọ́ mi. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Kò ní í pẹ́, sà."

"Ẹ fẹ́ ki ọwọ́ bọ ìgbẹ́ màlúù lójú òyìnbó?"

"Òyìnbó ló kó o síbẹ̀, sà."

Ọ̀kan nínú àwọn tíṣà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bà á jẹ́. Oṣù méjì gbáko ló ti ń fi ẹ̀yin pè mí. Ọjọ́ náà ni ó di ìwọ.

"Ilé ìwé tí ò ń wá yẹn, o ò ní í rí i. Ṣé o gbọ́?"

Mo gbọ́. Mo dúró, ẹsẹ̀ bàtà kan tí mo ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni mo ti ń fẹ́ ilé ìwé náà. Bí mo bá wọ bàtà mi padà, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n baba náà ti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi dé, ó ń wò mí bí ẹni tó ń wo dókítà.

Mo bọ́ èkejì.

Mo jọ iyanrìn, mo pò ó mọ́ amọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù. Mo fi omi rin ògiri lẹ́ẹ̀mejì. Mo rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo fi òkúta dídán ra á títí ó fi ń dán. Ohun kan ṣoṣo tí n kò ní ni omi èèpo igbá, igi tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe irú. Òun ni à ń fi pa ojú ògiri kí òjò má wọ̀ ọ́. Baba náà béèrè ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ ọ. Mo ní ọ̀dọ̀ ìyá mi ni. Olórí wa ti lọ jókòó sínú bọ́ọ̀sì.

Ó kọ ìròyìn rẹ̀. Ó ní mo tàbùkù orílẹ̀-èdè. Ẹlòmíràn ni wọ́n fún ní ilé ìwé náà, abẹ́ rẹ̀ ni mo sì ti ṣe tíṣà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Olórí wa yẹn kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, kò sí ẹni tó rẹ́ ilé amọ̀ náà mọ́. Kò pé ọdún mẹ́ta tí ó fi wó. Mo kọjá ní Ìjàgbó, mo dúró, mo wò ó dáadáa.

Ọdún tó tẹ̀lé ìrìn àjò náà, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ baba náà. Òjò rọ̀, yìnyín bọ́, gbogbo ògiri náà bó, àyàfi ibi tí mo rẹ́. Wọ́n ti ń fi ọ̀nà tèmi rẹ́ ilé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo mú un lọ ka fún ìyá mi ní Yorùbá.

"Èèpo igbá ńkọ́?" ó béèrè.

"Kò sí níbẹ̀, Màmá."

"A jẹ́ pé yóò ṣì bó. Kọ̀wé sí wọn, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ." Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. "Ibi tí wọ́n ti ní tìrẹ kò bó yẹn, tún un kà."