Ọkọ̀ Bàbá Wa Kò Jò, Ó Ń Làágùn Ni

Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ òórùn láfún tó ń jóná nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rí, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èmi gbọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ kan lójú títì tó lọ sí Ìbàdàn, mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, mo wà nínú yúnífọ́ọ̀mù tí ìyá wa ti lọ̀ títí tó fi le bíi pákó. Òórùn náà kò tíì kúrò nímú mi.

Ìtòkú ni bàbá wa ti ń ta aṣọ. Wọ́n ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aláwọ̀ ewé kan lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń kó kúrò ní Ìbarà, láti ọjọ́ náà sì ni gbogbo àdúgbò ti ń pè wọ́n ní Alájì, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì rìn kọjá Ìlọrin rí. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà mọ bí nǹkan ṣe rí nígbà náà. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ kì í fẹsẹ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí mọ́, ì báà jẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni mọ́ṣáláṣí wà.

Iṣẹ́ tèmi láràárọ̀ ni kí n pọn omi kún ike méjì, kí Bàbá lè rọ ọ́ sínú rédíétọ̀. Omi tí a rọ lánàá á ti wà nílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Àwọn adìyẹ ìyá wa mọ ibẹ̀ dáadáa, wọn kì í wá omi mu níbòmíràn. Mo sọ ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ kan: "Bàbá, ọkọ̀ yìí ń jò."

Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo bú ìyá tó bí wọn. "Kí ló ń jò? Òógùn ni. Ṣé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kì í làágùn ni?"

Múfú, mẹ́káníìkì tó wà lábẹ́ igi máńgòrò nígun àdúgbò wa, náà sọ ọ́. "Alájì, rédíétọ̀ yìí ti lu. Ẹ jẹ́ kí n tú u, kí wọ́n bá wa jó ojú ibẹ̀. Ọjọ́ méjì péré ni." Ọjọ́ méjì! Kí gbogbo Ìtòkú wá rí Alájì tó ń fẹsẹ̀ rìn fún odindi ọjọ́ méjì? Bàbá dá a lóhùn pé ojú rẹ̀ ló lu, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí gba ọ̀nà ẹ̀yìn kí wọ́n má baà kọjá níwájú rẹ̀ mọ́. Ọṣẹ ìfọṣọ ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́ ojú ihò náà láràárọ̀. Ìyá wa kò bá wọn jiyàn. Ìkòkò tí wọ́n ń fọ̀ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀: "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a."

Lẹ́tà mi dé nígbà tó yá. Ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì àwọn obìnrin kan, tó wà níwájú Òṣíẹ̀lẹ̀ díẹ̀, ní kí n wá fún íntáfíù ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Kò sí obìnrin kankan nílé wa tó tíì kàwé kọjá ìwé mẹ́fà. Abẹ́ ìrọ̀rí ni mo ń fi lẹ́tà náà sí bí mo bá ń sùn. Mo fẹ́ ilé ẹ̀kọ́ náà dé ibi pé mo ti sọ fún gbogbo ọ̀rẹ́ mi pé ó dìgbóṣe.

Ìyá wa ní, "Bàbá Sikirat, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí wọ bọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá da omi síwájú ní í tẹ ilẹ̀ tútù."

"Omi tí mo dà síwájú ló wà nínú rédíétọ̀ yẹn," ni Bàbá fèsì. "Kí àwọn tíṣà wá rí ọmọ mi kó máa sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ èrò? Èmi kọ́!"

Aago méje kọjá díẹ̀ ni a gbéra. Ìyá wa di láfún sínú ike kan fún obìnrin àdúgbò wa tó ń dáná nílé ẹ̀kọ́ náà, kó lè máa bá wọn bojú tó mi bí wọ́n bá gbà mí. A ò tíì dé Òṣíẹ̀lẹ̀ tí èéfín fi bo ojú ọkọ̀. Ọṣẹ ti yọ́ dànù. A rọ omi inú ike méjèèjì tán, gbogbo rẹ̀ gba ìsàlẹ̀ jáde.

Awakọ̀ lọ́rì kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, dúró bá wa. "Alájì, ẹ kú ewu. Ẹ wá gàrí ẹ̀kúnwọ́ kan dà sí i, á dí i títí ẹ ó fi délé. Bẹ́ẹ̀ làwa ṣe ń ṣe é." Ó bu omi fún wa, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Bàbá wa tu itọ́ sílẹ̀. "Gàrí Ìjẹ̀bú ni yóò wá wo ọkọ̀ Ẹ̀gbá sàn? Sikirat, gbé láfún yẹn wá!" Ẹ̀kúnwọ́ kan ni ọkùnrin náà wí. Bàbá da ìdajì ike sí i, wọ́n rọ omi lé e, wọ́n sì ṣáná sí ọkọ̀. Omi dáwọ́ dúró lóòótọ́. "Ṣó o rí i? Kò jò mọ́!" Kò lè jò. Omi gbígbóná àti láfún ti pàdé, orógùn nìkan ló kù. Ìdérí rédíétọ̀ fò sókè, ọkà funfun sì bẹ̀rẹ̀ sí rú jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Bọ́ọ̀sì mẹ́rin ló kọjá níbi tí a dúró sí. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ kan tiẹ̀ na orí jáde, ó ní, "Àyè ẹnì kan wà o!" Mo wo Bàbá. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n ń fi ewé nu láfún kúrò lára ọkọ̀.

Ẹsẹ̀ la fi rìn débẹ̀ níkẹyìn. Olùkọ́ obìnrin tó wà lẹ́nu géètì sọ pé wọ́n ti pa ìwé orúkọ dé, ó sì wo láfún tó wà lára agbádá Bàbá láti òkè délẹ̀. Bí a ṣe ń padà, Bàbá ní ilé ẹ̀kọ́ náà gan-an kò dára. Mo kórìíra Bàbá lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́. Ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní kọ̀rọ̀ àdúgbò wa ni mo lọ. Nígbà tí Múfú tú rédíétọ̀ náà, ó bojú wo inú rẹ̀, ó ní, "Alájì, ọbẹ̀ ló kù."

Mo fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe Bàbá ní yẹ̀yẹ́ títí wọ́n fi kú. Èsì kan náà ni wọ́n máa ń fún mi: "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà."

Mo ti wá ní àkísà báyìí. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Ìbarà, mo sì ní kọ̀ǹpútà ńlá kan tó jẹ́ pé omi ló ń tù ú lára kó má baà gbóná jù, omi aláwọ̀ aró tó ń yí ká nínú àwọn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́. Kò sí oníbàárà tí mi ò tíì fi hàn. Ojú ibi tí rọ́bà kan ti so mọ́ ìkejì ti ń kán omi láti bí oṣù méjì. Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ní kí n jẹ́ kó fa omi rẹ̀, kó pààrọ̀ ibẹ̀, ọjọ́ méjì péré ni. Mo ní kó lọ ná. Mo tẹ́ àkísà mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀, mo sì ń bu omi kún un.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Rónkẹ́ ọmọ mi gbé iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wá láti yunifásítì ní Alábàtà. Ó fẹ́ parí rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mi, kó tẹ̀ ẹ́, kó sì lọ fi lé àwọn olùkọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ kí ọjọ́ tó rọ̀. Ó ká àkísà sókè. "Mọ́mì, kọ̀ǹpútà yín ń jò."

Mo lanu, ohùn Bàbá ló jáde: "Òógùn ni."

Ó wò mí. Mo mọ ojú yẹn, èmi ni mo ni ín tẹ́lẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá rí omi nílẹ̀, ó pè é ní omi. Èmi tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mo tẹ́ àkísà sí i. Ojú tì mí gan-an.

Mo pa iná, mo yọ wáyà kúrò lára ògiri. "Ó ń jò," mo wí. "Ó ti pẹ́ tó ti ń jò. Gbé iṣẹ́ rẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó wà ní òdìkejì títì, sọ fún wọn pé èmi ni mo rán ọ. Tètè lọ, kí wọ́n tó pa ìwé dé."