Ihò Ìsàlẹ̀ Ilẹ̀kùn

Ìṣó mẹ́rin ni Mùjíbátù fi kan pákó mọ́ ihò tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Ẹ̀rúnmu. Èyí àkọ́kọ́ wọ́, ó sì fi òòlù gbá a lórí títí ó fi wọlé ní wíwọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, obìnrin ẹni àádọ́rin ọdún ó lé kan sì kúnlẹ̀ sílẹ̀, ó ń bú ìṣó bí ẹni ń bá orogún jà. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ rò pé ó ń tún ilé ṣe ni, wọ́n kí i kú iṣẹ́, wọ́n kọjá. Ológbò tí ó torí rẹ̀ kan pákó náà dùbúlẹ̀ sórí àpò àgbàdo, ó ń wò ó. Mọ́gàjí ni orúkọ ológbò náà.

Ní Ìbàdàn àti gbogbo agbègbè rẹ̀, mọ́gàjí ni olórí agbo ilé, òun ni wọ́n ń kó ẹjọ́ lọ bá. Bàṣírù, ọkọ Mùjíbátù, ló sọ ológbò náà lórúkọ bẹ́ẹ̀ ní ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn. Inú àpò ni wọ́n gbé e wá, wọ́n di ẹnu àpò náà pinpin kí ọmọ ológbò náà má baà mọ ọ̀nà tí yóò gbà padà. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, ńṣe ló na ara, ó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń wo gbogbo ará ilé bí ẹni pé àwọn ló wá kí òun. Àwọn àgbà kan nínú agbo ilé ní kí wọ́n dá a padà, pé ológbò dúdú kì í ṣe ohun tí à ń sìn. Bàṣírù ní Ànábì fẹ́ràn ológbò, omi tí ológbò bá mu kù ṣeé ṣe àlùwàlá, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Káfíńtà ni Bàṣírù. Lọ́jọ́ kejì ló mú ayùn, ó gé igun ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, ó sì dán etí rẹ̀ dáadáa kí igi má baà họ ẹran náà lára. Nígbà tí Mọ́gàjí sanra, tó di pé ikùn rẹ̀ ń há, Bàṣírù tún ihò náà gé kí ó tóbi sí i. Ó ní kò yẹ kí olórí agbo ilé há sẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀.

Àgbàdo gbígbẹ àti láfún ni Mùjíbátù ń tà. Ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ abúlé ló ti ń rà á, yóò kó o jọ sí yàrá ẹ̀yìn títí ọjà yóò fi dára. Ẹni tó bá ń ṣe irú òwò yìí láìní ológbò, èkúté ló ń bá ṣòwò. Mọ́gàjí ṣọ́ yàrá náà dáadáa nígbà ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún kan sí ìgbà tí à ń wí yìí, eyín rẹ̀ ti ká, ojú rẹ̀ kan ti funfun, èkúté sì ń gba iwájú rẹ̀ kọjá láìkí i. Àwọn àgbà ní bí ológìnní bá re àjò, ilé di ilé èkúté. Ti Mọ́gàjí wá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí òun ò tíì re àjò kankan.

Lọ́sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Mọ́gàjí kọ ẹja. Ẹja ṣáwá ni o, èyí tó máa ń jí nínú ìkòkò tí yóò sì ṣe bí ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Hàjàrá, ọmọbìnrin Mùjíbátù tó ń gbé ní Ọlọ́runṣògo, wá láti Ìbàdàn, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Dókítà náà tẹ ikùn rẹ̀, ó wo ẹnu rẹ̀, ó ní ogbó ni, kò sì sí abẹ́rẹ́ fún ogbó. A kì í rí ti ọlọ́jọ́ ṣe, ì báà jẹ́ ológbò. Hàjàrá gbé e padà wá fún ìyá rẹ̀, ó sì rọra sọ pé kó má ya ìyá òun lẹ́nu bí wọ́n bá jí lọ́jọ́ kan tí wọn ò rí i.

Ọ̀rọ̀ yìí ló ká Mùjíbátù lára. Kò sí ọmọdé kan ní Ẹ̀rúnmu tí kò mọ̀ pé ológbò tó bá gbó kì í kú lójú ẹni tó ń sìn ín. Ó kàn máa dìde lọ́jọ́ kan ni, yóò bá ẹ̀yìnkùlé lọ, ó parí. Àwọn kan ní ìtìjú ni, àwọn kan ní ọgbọ́n ni. Mùjíbátù ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ohun tí òun mọ̀ ni pé ẹnì kan ti kú rí nígbà tí òun ò sí níbẹ̀, kò sì ní sí ẹnì kejì. Bí Mọ́gàjí bá máa kú, ọwọ́ òun ni yóò kú sí. Ìdí nìyẹn tó fi lọ mú òòlù.

Ẹni tó kú nígbà tí kò sí níbẹ̀ ni Bàṣírù fúnra rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ti kọjá. Ilé ìwòsàn kan ní ìgboro Ìbàdàn ni wọ́n gbé e sí, wọ́n fi okùn omi sí i lọ́wọ́, wọ́n sì máa ń ti ilẹ̀kùn yàrá náà. Ní àárọ̀ kan, kó tó di pé ilẹ̀ mọ́ tán, Bàṣírù la ojú. Ó ní, "Mùjíbá, ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo fẹ́ máa lọ sílé." Mùjíbátù ní kó fara balẹ̀, pé dókítà ò tíì ní kí àwọn máa lọ. Ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ìyàwó rẹ̀ fún un lésì kan náà. Nígbà tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, Mùjíbátù ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó mú fúláàsì, ó ní òun fẹ́ lọ ra ògì gbígbóná lẹ́nu géètì. Nígbà tó fi máa padà dé, wọ́n ti fi aṣọ bo ọkọ rẹ̀ lójú.

Kò sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀kẹta yìí fún ẹnikẹ́ni. Kò sọ ọ́ fún Hàjàrá, kò sọ ọ́ fún lémọ́mù tó wá ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ní gbogbo àsùbáà, bó bá ti tẹ́ awọ àgbò sílẹ̀ láti kírun, ó máa ń gbọ́ ọ. Kì í ṣe ohùn iwin, kì í ṣe ohùn àlá. Ohùn ọkọ rẹ̀ ni, kò ròkè, kò bínú, ó kàn ń bẹ̀bẹ̀ pé kó ṣílẹ̀kùn.

Òun nìkan sì kọ́ ló ń gbọ́, bí a bá ní ká sọ òótọ́. Nígbà ayé Bàṣírù, etí awọ ìkírun náà ni Mọ́gàjí máa ń jókòó sí láàárọ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ológbò náà ò yé jókòó síbẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé, bó bá ti jókòó díẹ̀, yóò gbé ojú sókè wo ẹnu ọ̀nà, ní ibi tí orí ọkùnrin tó dúró yóò wà. Ojú rẹ̀ yóò máa bá nǹkan bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà wá síbi awọ. Nígbà náà ni yóò dìde, yóò sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò fi àyè sílẹ̀. Ẹ̀rù ò ba Mùjíbátù. Òun náà yóò sún díẹ̀. Bí ó bá sálámà tán, yóò bá àyè tó ṣófo náà sọ̀rọ̀ iye tí àgbàdo ń lọ, ti òjò tí kò rọ̀, ti àwọn ọmọ Hàjàrá. Mọ́gàjí ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Bí ológbò náà bá lọ, ta ni yóò máa fi ojú fi hàn án pé Bàṣírù ti wọlé?

Nítorí náà ló ṣe kan ihò pa.

Ọjọ́ kìíní, Mọ́gàjí rìn dé ibi pákó náà, ó fi imú gbóòórùn rẹ̀, ó padà. Ọjọ́ kejì, ó dúró síbẹ̀ láti àárọ̀ dọ̀sán. Mùjíbátù gbé omi fún un, ó gbé wàrà fún un, ó gbé ológbò náà fúnra rẹ̀ sórí itan. Ológbò náà jẹ́ kó gbé òun, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló kọjú sí. Ó ti fúyẹ́ tó fi jẹ́ pé aṣọ lásán ni èèyàn ìbá rò pé ó wà lórí itan rẹ̀. Bó ti gbé e sílẹ̀ ló padà sídìí pákó.

Ọjọ́ kẹta ló bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọ́. Kò lágbára tí yóò fi họ igi dénú. Ó kàn ń fi ọwọ́ fà á, á sinmi, á tún fà á. Àsùbáà ni. Mùjíbátù wà lórí awọ, ó ti gbé ọwọ́ sókè, ó sì gbọ́ méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, họ́ọ́, ṣílẹ̀kùn fún mi, họ́ọ́, mo fẹ́ máa lọ sílé. Ó gbàgbé ibi tó kírun dé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó tún gbàgbé. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án, ẹ̀rù bà á nínú ilé ara rẹ̀.

Nígbà tí oòrùn ti gòkè, Leah wá ra láfún. Aládùúgbò ni Leah, ọmọ ìjọ Kérúbù, ògbólógbòó ọ̀rẹ́ tó máa ń fi Mùjíbátù ṣe yẹ̀yẹ́ pé ológbò rẹ̀ ń kírun ju àwọn ọkùnrin àdúgbò lọ. Lọ́jọ́ yìí kò ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbọ́ ohun tó ń họ, ó lọ wo ìdí ilẹ̀kùn, ó rí pákó, ó rí ìṣó tó wọ́. Ó béèrè ohun tó dé. Mùjíbátù fẹ́ parọ́ pé ejò ló ń wọlé, ṣùgbọ́n omi ti dé ojú rẹ̀ kó tó la ẹnu. Ó jókòó sórí àpò àgbàdo, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: ti ilé ìwòsàn, ti ẹ̀ẹ̀kẹta, ti fúláàsì ògì.

Leah gbọ́ ọ tán. Kò gbàdúrà lé e lórí gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, kò sì sọ pé kó má sunkún. Ológbò náà ń họ igi lẹ́yìn wọn.

"Ìyá Hàjàrá," ó ní, "ta lẹ há mọ́lé yìí gan-an?"

Ó gbé láfún rẹ̀, ó sì lọ sílé. Ọ̀rẹ́ tòótọ́ mọ ìgbà tó yẹ kó kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun aláásárì ni Mùjíbátù tún kúnlẹ̀ sídìí ilẹ̀kùn. Òòlù Bàṣírù ló mú, èyí tó ní ìwo méjì lẹ́yìn tí wọ́n fi ń fa ìṣó yọ. Mẹ́ta jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Èyí tó wọ́ kọ̀ jálẹ̀. Ó fà á títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó, ó bú u, ó bẹ̀ ẹ́, ó tún bú u, kí ó tó já. Pákó ṣubú, ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ sì wọlé sórí ilẹ̀ ní ìwọ̀n ihò náà.

Mọ́gàjí ò sáré. Ó jókòó síwájú ihò, ó ń wo ìta. Mùjíbátù fi ọwọ́ ra á lára, láti àárín etí títí dé ìrù, ó lè ka gbogbo egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Ó sọ fún un pé ó ṣeun. Ó ní ó ṣọ́ àgbàdo, ó ṣọ́ ilé, ó ṣọ́ òun pẹ̀lú. Ó tọrọ àforíjì ọjọ́ mẹ́ta tí òun fi há a mọ́lé. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ yí padà. Ó gbójú kúrò lára ológbò náà, ó sì ń sọ̀rọ̀ sí ẹnu ọ̀nà, sí ibi gíga tí Mọ́gàjí máa ń wò láàárọ̀.

"Bàbá Hàjàrá, mo gbọ́ yín lọ́jọ́ náà. Ẹ forí jì mí. Ilẹ̀kùn ti ṣí, ẹ máa lọ sílé."

Ológbò náà dìde. Ihò tí wọ́n ti torí ikùn rẹ̀ gé kí ó tóbi ti wá tóbi jù fún un. Ó gba àárín rẹ̀ kọjá, irun rẹ̀ kankan ò kan igi. Mùjíbátù dọ̀bálẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀ kí ó lè máa wò ó. Ó rí i tó kọjá ìdí ìkòkò omi, tó kọjá ewé kókò, tó sinmi lẹ́ẹ̀kan, tó sì wọ abẹ́ igi kòkó. Kò wẹ̀yìn. Mùjíbátù wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí tí wọ́n fi pe ìrun mìíràn.

Hàjàrá pè é lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ sì sọ fún un pé Mọ́gàjí ti lọ. Ó sunkún díẹ̀, ó sì ní kí ìyá òun pe káfíńtà kó wá dí ihò náà, kí ejò má baà gba ibẹ̀ wọlé. Mùjíbátù ní káfíńtà tó gé e ò ní kí òun dí i.

Ní àsùbáà ọjọ́ kejì, ó ṣe àlùwàlá, ó tẹ́ awọ àgbò sílẹ̀, ó sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan kí àyè lè wà. Ó dúró. Kò sí ohun tó ń họ ilẹ̀kùn. Kò sí ohùn tó ní kó ṣílẹ̀kùn. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń bẹ Ọlọ́run pé kí ohùn náà dákẹ́, kó sì jẹ́ kí òun sinmi. Ó ti dákẹ́ báyìí. Ó kírun tán, ó sálámà sọ́tùn-ún, ó sálámà sósì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ iye tí àgbàdo ń lọ, ó dánu dúró. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Kò mọ ibi tí yóò fi ojú sí.

"Bàbá Hàjàrá?" ó pè é, jẹ́jẹ́.

Afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ gba ihò ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn wọlé, ó tutù. Nínú yàrá ẹ̀yìn, èkúté ti bẹ̀rẹ̀ sí í já àpò àgbàdo.