Ìyá Dírẹ́bà Ò Wá Ọkọ

Ìyá Dírẹ́bà gbé ìgò oògùn ikọ́ kalẹ̀ gbì lórí káńtà Olúgbémiga apòògùn. Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ pé mò ń wá ọkọ?"

Olúgbémiga wo ìgò, ó wo obìnrin náà. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni apòògùn náà, kì í pariwo. Àwọn tó wá ra oògùn tẹ́tí sílẹ̀.

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, mà."

"O kọ ọ́. Kà á."

Ìwé pélébé kan ló lẹ̀ mọ́ ìgò náà. Ẹ̀rọ ni Olúgbémiga fi tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ náà kò sì mọ àmì. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: MA SE LO O BI O BA N WA OKO.

"Ọkọ̀ ni, mà. Ọkọ̀ tí ẹ̀ ń wà."

"Ọkọ ni mo rí níbẹ̀. Ta ló rán ọ?"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ìyá Dírẹ́bà yíjú sí i. Ó ní, "Àbí ìwọ ni?"

Agnes lorúkọ Ìyá Dírẹ́bà. Opó ni, Ọ̀bà-Ilé ló ń gbé. Ọkọ̀ èrò ló ń wà láti Àkúrẹ́ sí Oǹdó, láti ìgbà tí Èkìtì ti gba ìpínlẹ̀ tiwọn lọ. Bí a bá ní ká máa ka ohun tó ń fura sí, ilẹ̀ á ṣú. Ká kúkú sọ ohun tí kì í fura sí. Kò sí.

Ó ń fura sí epo. Ó ń fura sí ẹni tó ń ta epo. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ojú kan ló fi ń gbàdúrà, ojú kejì wà lára báàgì rẹ̀. Pásítọ̀ bá a sọ ọ́. Ó ní, "Ọlọ́run mọ̀ pé mi ò fura sí òun. Ẹni tó jókòó tì mí ni."

Ọkọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ tó ń fọ ọkọ̀ ní gáréèjì bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀. Ó ní ẹni tó bá ń fọ ọkọ̀ ẹni ti mọ ibi tí abẹ́ rẹ̀ ti jò. Fúnra rẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́ láràárọ̀, tó ń fi aṣọ nù ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

Ọkùnrin kan wà, Kọ́láwọlé, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, ará Oda. Ó fẹ́ fẹ́ ẹ. Ó ti ń sọ ọ́ tipẹ́, pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ábídí. Ìyá Dírẹ́bà kò gbà. Ó ní, "Tísà ò wá ìyàwó. Ọkọ̀ mi ló ń wá."

Nígbà tí ikọ́ mú un, tí dókítà kọ oògùn fún un, Tísà ló bá a dé ilé oògùn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tó ka ìwé ara ìgò ní gáréèjì lọ́jọ́ kejì, kò wá ẹlẹ́bi jìnnà. Ó ní, "Hẹn. Tísà ti bá apòògùn sọ̀rọ̀."

Ó ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ẹni tó ń wá ọkọ ni wọ́n ní kó má lò ó. Òun kò wá ọkọ. Ọ̀rọ̀ náà kò kan òun. Ó bu oògùn kún ṣíbí ìjẹun, ó gbé e mu. Ikọ́ náà tún hàn án léèmọ̀, ó tún bu òmíràn lé e. Ó wá kó èrò, ó di Oǹdó.

Wọn kò tíì dé Ọ̀wẹnà tí orí rẹ̀ fi ń wúwo. Ojú rẹ̀ ń pa dé. Ọkọ̀ yà bàrà sí koríko, ó tún padà sójú títì. Ẹlòmíràn á ní ó ti rẹ òun, á tẹná mọ́ ọn kó lè tètè dé. Ìyá Dírẹ́bà wo àwọn èrò nínú dígí. Ó ní, "Ẹnì kan ń kùn mí lóorun nínú ọkọ̀ yìí."

Ó páàkì. "Ẹ bọ́ sílẹ̀. Gbogbo yín."

"Màmá, kí la ṣe?" Nímọ́tà ló bèèrè, obìnrin tó ń ta aṣọ òkìríkà.

"Kí ló wà nínú àpò yẹn?"

"Aṣọ ni, Màmá."

"Gbogbo wọn ní í sọ bẹ́ẹ̀. Tú u."

Nímọ́tà tú àpò. Ìyá Dírẹ́bà tẹrí bọ inú rẹ̀ láti wá oògùn olè. Kò gbé orí náà sókè mọ́. Ó sùn lọ sórí aṣọ, ó ń hanrun.

Wọ́n jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń dúró. Ẹnì kan rí ìgò oògùn ikọ́ níwájú ọkọ̀, ó fi han àwọn yòókù, kò sì sí ẹni tó bínú mọ́. Nígbà tó jí lọ́sàn-án, Nímọ́tà ṣì di àpò mú kí orí rẹ̀ má baà yẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ ni, "Ta ló wà nídìí báàgì mi?"

Ká ní ẹni tó máa ń gba ènìyàn gbọ́ ni, odò Ọ̀wẹnà ni ì bá gbà wọ́n.

Bó ṣe dé iwájú káńtà nìyẹn. Nígbà tó ròyìn tán, Olúgbémiga kò rẹ́rìn-ín. Ó wá àga fún un.

"Ṣíbí wo lẹ fi mu ún, mà?"

"Ṣíbí tí mo fi ń jẹ ìrẹsì."

"Ìdérí kékeré tó wà lórí ìgò ni, mà, dé ojú ìlà inú rẹ̀. Ṣíbí ilé yìí ò dọ́gba pẹ̀lú ṣíbí ilé yẹn. Mo sọ ọ́ fún yín lánàá."

"O ò sọ ọ́."

"Mo sọ ọ́. Ẹ ní kí n dákẹ́, pé mo fẹ́ kí ará ìlú mọ àìsàn yín."

Ìyá Dírẹ́bà fa àga náà sún mọ́ káńtà. Ó ní, "Ó dáa. Pariwo ẹ̀ báyìí."

Olúgbémiga pariwo ẹ̀, gbogbo ilé oògùn gbọ́. Kò gbọdọ̀ mu ún pọ̀ mọ́ ọtí. Kò gbọdọ̀ pò ó mọ́ oògùn ọ̀fìnkìn tàbí oògùn oorun láìbéèrè. Ẹni tí dókítà kọ ọ́ fún ni kó mu ún, kó má bù fún ẹlòmíràn, kó gbé e síbi tọ́wọ́ ọmọdé ò tó. Tó bá sì mu ún, kó jókòó sílé.

Wọ́n pe Tísà láti wá jẹ́rìí. Tísà wọ awò ojú, ó ka ìwé ara ìgò. Ó ní, "Lójú tèmi, oko ni wọ́n kọ. Ẹni tó bá ń wá oko."

Ìyá Dírẹ́bà ní, "Ẹ ò rí i? Ó ti fẹ́ mú mi lọ sóko báyìí."

Olúgbémiga mú báírò, ó fi àmì sí i. Ìyá Dírẹ́bà ní kó fi sí gbogbo ìgò tó wà lórí pẹpẹ, òun ń wò ó. Wọ́n dé orí èyí tó ní O N FA OORUN.

"Èwo nínú wọn nìyí?"

"Oorun, mà. Sísùn."

"Kí ló dé tí kò fi lè jẹ́ òórùn?"

Olúgbémiga ṣí ìgò, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, "Ó lè jẹ́ méjèèjì, mà."

Kò pẹ́ sí i ni Ìyá Dírẹ́bà ní kí wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ̀rọ̀ sí gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀ òun: ỌKỌ̀ NI MÒ Ń WÀ, MI Ò WÁ ỌKỌ. Ó dúró ti ẹni tó ń kọ ọ́ títí ó fi fi àmì kọ̀ọ̀kan sí i. Tísà wá wò ó. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Ó ní, "Àmì rẹ̀ pé." Ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó jókòó, ó sanwó Oǹdó.

Bọ́láwálé, agbèrò ní gáréèjì, wá bá a nítorí oògùn tó kù. "Màmá, ẹ ṣíjú àánú wò mí. Ikọ́ ń dà mí láàmú."

"Wúkọ́ kí n gbọ́."

Bọ́láwálé wúkọ́.

"Ewúrẹ́ tó jẹ èèpo iṣu ló ń ṣe báyìí. Àwọn tó ń bu oògùn ikọ́ mọ́ míńírà, ṣé o rí wọn? Ọ̀kan ló jókòó sídìí ògiri yẹn láti àárọ̀, eṣinṣin ń bá a ṣeré. Kó o dà bí ẹ̀ lo fẹ́?"

Ó gbé ìgò náà padà fún Olúgbémiga. Olúgbémiga dúpẹ́. Ìyá Dírẹ́bà ní, "Má dúpẹ́. Bó o ṣe máa bà á jẹ́, bà á jẹ́ lójú mi."

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ikọ́ náà padà sára Ìyá Dírẹ́bà. Dókítà tún kọ oògùn. Lọ́tẹ̀ yìí ó gbé ọkọ̀ sílé. Tísà ló ń gbé ọbẹ̀ gbígbóná wá láti Oda.

"Ẹ tọ́ ọ wò, Tísà."

Tísà tọ́ ọ wò.

"Ẹ tún un tọ́ wò."

Nígbà tí ara rẹ̀ fi máa balẹ̀, Tísà ti yó.

Tísà rọ oògùn sínú ìdérí kékeré náà. Ìyá Dírẹ́bà gbà á, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó wo ìlà. Ó ní, "Ó dọ́gba." Olúgbémiga, tó gbé oògùn náà wá sílé, sọ pé òun kò gbọ́ kó sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀dá rí. Ìyá Dírẹ́bà mu ún, ó sùn sórí àga, Tísà ń ka ìwé ìròyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Báàgì rẹ̀ wà nílẹ̀. Ó di ojú méjèèjì.

Nígbà tó yá tó kú, ikọ́ kọ́ ló pa á. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. A sọ ọ́ nítorí pé òun náà ì bá bèèrè.

Oǹdó ni a sin ín sí. Àwa ọmọ tó tọ́ dàgbà ní kí ọkọ̀ rẹ̀ ṣáájú. Ìgbà tí a dé ẹ̀yìn rẹ̀ ni a rí gíláàsì. ỌKỌ̀ NI MÒ Ń WÀ ṣì wà níbẹ̀. Ìyókù kò sí mọ́. Wọ́n ti fi abẹ họ ọ́, ó mọ́ tónítóní.

Gbogbo ojú lọ sára Tísà.

"Tísà, ẹ̀yin lẹ họ ọ́."

"Ṣé ẹ rí ẹni tó jẹ́ kó fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí rí?"

Kò sí. Òun nìkan ló ń fọ̀ ọ́.

Tísà fi ìka ra ibi tí wọ́n ti họ ọ̀rọ̀ náà kúrò, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni ń kàwé. Nígbà tí a sin ín tán, àwọn mọ̀lẹ́bí gbìmọ̀, wọ́n na kọ́kọ́rọ́ sí i. Wọ́n ní kó máa lo ọkọ̀ náà, pé ó tọ́ sí i.

Tísà dá kọ́kọ́rọ́ padà.

Ó ní, "Mi ò wá ọkọ̀."