Omi Tó Ń Ta Lójú

Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni owó àyẹ̀wò náà. Alágbàfọ̀ san mẹ́fà, mẹ́rin kù lọ́rùn rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta ni ojú ara ti ń yún ìyàwó rẹ̀. Apá kan pọ́n, ó ń bó, ìyàwó sì ń fi ìpara làpálàpá pa á. Owó ìpara yẹn ti ju owó àyẹ̀wò lọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣí irú ibẹ̀ han èèyàn? Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ ló tó gbé ìtìjú tì. Dókítà bu ẹran tí kò ju èékánná ọmọdé lọ níbẹ̀, ó fi í sínú ìgò olómi, ó ní kí ọkọ gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò.

Nínú bọ́ọ̀sì, ìgò náà jò. Òórùn rẹ̀ ń ta á lójú. Ẹni tó ti ń fọ ìdọ̀tí aṣọ ẹlòmíì látìgbà ọ̀dọ́ kò lè gbé ohun tó ń rùn lọ bá ọ̀mọ̀wé. Ó sọ̀kalẹ̀, ó da omi náà nù, ó ṣan ìgò dáadáa, ó bu omi tó mọ́ tónítóní sí i. Ó dé ibẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì náà, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Ó di ọjọ́ Ajé kó tó jíṣẹ́.

Ọkùnrin aláyẹ̀wò gbé ìgò sókè. “Bàbá, ta ló bu omi sí i?”

“Èmi ni, ọ̀gá. Ó ń rùn.”

“Omi tẹ́ ẹ dà nù ni kì í jẹ́ kó jẹrà. Eléyìí ti bàjẹ́. Wọ́n á tún un bù.”

Kò purọ́ nílé. Ìyàwó gbọ́ ọ tán, ó pariwo: “Ẹ̀ bá kúkú fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì lọ̀ ọ́! Ẹ lọ ya ẹsẹ̀ tiyín fún wọn! Èmi ò lọ mọ́.”

“Mo jẹ̀bi. Àmọ́ bí wọn ò bá mọ ohun tó jẹ́, ìpara náà la ó tún máa rà, ẹ̀jẹ̀ á sì máa yọ.”

“Mo máa lọ,” ni ìyàwó wí. “Èmi ni n ó gbé ìgò.”

Dókítà tún un bù, ìyàwó gbé e lọ, omi ń dà lójú rẹ̀ títí wọ́n fi gbà á ní yàrá àyẹ̀wò.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá mìíràn, àti márùn-ún fún aró tí wọ́n fi rẹ ẹran náà, kí wọ́n má baà ṣi àìsàn kan mú fún òmíràn tó jọ ọ́. Èsì dé: jẹjẹrẹ awọ tó ṣọ̀wọ́n. Awọ òkè ló fọ́n ká sí, kò tíì wọ ìsàlẹ̀.

Dókítà ní, “Màmá, a ó gé kọjá ibi tó pọ́n. Ó máa ń tàn kọjá ibi tójú rí.”

Lówùúrọ̀ iṣẹ́ abẹ, Alágbàfọ̀ san gbogbo owó aláyẹ̀wò tán, ó fi ìwé rẹ̀ han ìyàwó lórí bẹ́ẹ̀dì.

“Ẹ ti san tiwọn,” ni ìyàwó wí. “Gbèsè tèmi ṣì wà nílẹ̀.”

Wọ́n tì í wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.