Ibi Tí Ìyá Tapólì Fò Nínú Ọ̀rọ̀ Rẹ̀

Bí tapólì ọkọ̀ àjàgbé kan bá ya ní èbúté Lomé, tí awakọ̀ rẹ̀ sì fẹ́ kọrí sí Ouagadougou lọ́jọ́ náà, ọ̀dọ̀ Kùdírátù ni wọ́n máa ń júwe fún un. Ìyá Tapólì là ń pè é. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, àmọ́ kò tíì sẹ́ni tó lè gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ilẹ̀ ló máa ń jókòó sí lẹ́yìn ògiri àgbàlá ìkẹ́rùsí kan, tapólì á bò ó dé àyà, á sì máa bú awakọ̀ tí ojú bá ń kán: “Ṣé èmi ni mo ní kí o lọ wa ọkọ̀ gba abẹ́ igi ni?” Wọn kì í bá a bínú. Ibi tó bá rán kì í jò.

Èmi Ọláníkẹ́, ilé kan náà ni mò ń bá a gbé ní àdúgbò Cacaveli, yàrá mi ló kọjú sí tirẹ̀. Yàrá tó tẹ̀lé tirẹ̀ ni ti Ìsìlámíyátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti jẹ́ ìyàwó tuntun. Kùdírátù ò bímọ. Sọ̀fíyù, ọmọ Ìsìlámíyátù, ló ń bá a pọn omi, ló ń bá a ká tapólì. Nígbà tí ọmọ náà dàgbà, Kùdírátù ló bá a wá iṣẹ́ alábàárù sínú àgbàlá tó wà lẹ́yìn ògiri yẹn. Mo fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ò gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nínú oṣù kẹfà, àwọn àpò ìrẹsì tí wọ́n tò ga ju bó ṣe yẹ lọ wó lu Sọ̀fíyù. Òjò ti ṣú. Ọ̀gá àgbàlá náà ní ọmọ náà ti kú, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ kó ìrẹsì tó kù wọlé kí òjò má baà bà á jẹ́. Nígbà tí wọ́n fi máa padà sídìí àwọn àpò tó wó, ó ti kú lóòótọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Àwọn alábàárù ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àwọn ò rí nǹkan kan, àwọn ò gbọ́ nǹkan kan. Mi ò dá wọn lẹ́bi tán, wọ́n ní ọmọ tí wọ́n ń bọ́. Kùdírátù nìkan ló ní òun wà níbẹ̀, pé òun gbọ́ ariwo ni òun sáré wọlé.

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá jáńdáámù ránṣẹ́ pè é láti wá sọ ohun tó rí, èmi ni mo tẹ̀lé e láti túmọ̀, torí iṣẹ́ ìwé ẹrù ni mò ń ṣe ní èbúté, mo gbọ́ Faransé. Ọjọ́ náà la ṣe àṣìṣe kan tó jẹ́ pé irú wa nìkan ló lè ṣe é: a mú Ìsìlámíyátù dání. Ọjọ́ kẹrin tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ ni. Ta ló máa fi irú ìyá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú yàrá lóun nìkan? A fi í sáàárín wa lórí bẹ́ǹṣì, Kùdírátù sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Jáńdáámù béèrè bóyá ọmọ náà sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí àpò wó lù ú.

Kùdírátù wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

“Kò sọ nǹkan kan,” ló wí. “Lójú ẹsẹ̀ ló kú. Kò jẹ̀rora rárá.”

Mo túmọ̀ rẹ̀, jáńdáámù kọ ọ́, Kùdírátù tẹ ìka sí i. Ó yẹ kí n mọ̀. Ní tiwa, kò sẹ́ni tó máa jókòó ti ìyá kó máa ka bí ọmọ rẹ̀ ṣe jẹ̀rora fún un. Ó yẹ kí n ní kí Ìsìlámíyátù bọ́ sí ìta díẹ̀. Títí di òní, inú ṣì ń bí mi sí ara mi.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni ẹjọ́ náà fi wà nílẹ̀. Ní gbogbo ìgbà yẹn, tí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán, Ìsìlámíyátù á wá jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, á ní, “Kùdí, sọ fún mi.” Kùdírátù á sọ fún un pé kò jẹ̀rora, pé bí ẹni tó sùn ló rí. Ó sọ ọ́ títí tí òun náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Iyè rẹ̀ náà sì ti ń ra díẹ̀díẹ̀. Ó máa ń wá abẹ́rẹ́ tó fi há gèlè ara rẹ̀.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ọ̀gá náà ni pé ó fi ẹni tó wà láàyè sílẹ̀ nínú ewu. Bí Sọ̀fíyù bá ti kú kí wọ́n tó máa kó ìrẹsì, kò sí ẹjọ́. Bó bá wà láàyè, ẹ̀wọ̀n ni. Ẹnu Kùdírátù nìkan ni gbogbo rẹ̀ wà.

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, nígbà tí adájọ́ ní kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó dúró, ó ń yí òrùka ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òun ò rántí dáadáa mọ́. Adájọ́ náà, obìnrin ni, kò jágbe mọ́ ọn. Ògbufọ̀ kóòtù túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá:

“Màmá, ẹ fara balẹ̀. A máa ka ohun tí ẹ sọ nígbà náà sí yín létí, bóyá ẹ máa rántí.”

Akọ̀wé kà á ní Faransé, ògbufọ̀ ń túmọ̀ tẹ̀lé e. Kò sọ nǹkan kan. Lójú ẹsẹ̀ ló kú. Kò jẹ̀rora rárá.

“Ṣé ẹ rántí báyìí, Màmá?”

“Mo rántí ọjọ́ tí mo sọ ọ́,” ni Kùdírátù wí. “Ìyá rẹ̀ jókòó tì mí. Ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.”

“Ṣé òótọ́ ni ohun tó wà nínú ìwé náà?”

Kùdírátù yíjú padà, ó ń fi ojú wá ọ̀rẹ́ rẹ̀ láàárín èrò. “Ìyá Sọ̀fíyù, jọ̀ọ́, bọ́ síta díẹ̀.”

“Mi ò lọ síbì kankan,” ni Ìsìlámíyátù dáhùn. “Sọ ọ́.”

Ó sọ ọ́. Orí Sọ̀fíyù àti ọwọ́ rẹ̀ kan ló yọ síta. Ó ní, “Màmá Tapólì, ẹ bá mi gbé e kúrò, mi ò lè mí.” Kùdírátù fa àpò títí, àpò ò mira. Ó figbe ta pé ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ o. Ọ̀gá wá, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, Sọ̀fíyù sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. “Patron, pardon,” ló wí, bí ẹni pé òun ló da ìrẹsì nù. Ọ̀gá náà dìde, ó ní kí wọ́n máa kó ẹrù wọlé. Sọ̀fíyù béèrè omi. Kùdírátù ki etí ìborùn rẹ̀ bọ omi òjò tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ó fi kàn án lẹ́nu, kò lè gbé e mì.

“Ó ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí ìyá òun mọ̀ pé báyìí ni. Mo sì ṣèlérí fún un.”

Mo sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé. Ìsìlámíyátù ò sunkún.

Lọ́yà ọ̀gá náà dìde, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè ohun tó mú kí màmá sọ nǹkan mìíràn fún jáńdáámù. Kùdírátù ní, “Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀.” Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Lọ́yà náà yíjú sí adájọ́: èwo ni kí kóòtù gbà, ṣé ìwé tí wọ́n kọ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà ní tuntun ni, àbí ẹnu ìyá àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé òun ò rántí? Mo dìde láti sọ̀rọ̀. Ọlọ́pàá ní kí n jókòó.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n dájọ́. Wọ́n ní ẹ̀rí ò tó, ìwé ti àkọ́kọ́ ló tẹ̀wọ̀n jù. Ìwé tí èmi fi ẹnu ara mi túmọ̀. Ọ̀gá náà gba ilé rẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ tí Kùdírátù ti sọ̀rọ̀ ní kóòtù ni Ìsìlámíyátù ò ti bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ bí ẹni tó ń kọjá lára ògiri. Kùdírátù ò lọ sí èbúté láwọn ọjọ́ yẹn, ilé ló gbé tapólì wá. Mo rò pé ọ̀rẹ́ wọn ti dópin.

Jímọ̀ tó tẹ̀lé ìdájọ́ náà, Ìsìlámíyátù ti mọ́sálásí dé, ó wá jókòó sí etí tapólì tó wà nílẹ̀.

“Kùdí, sọ fún mi.”

Kùdírátù ò gbójú sókè. “Èwo?”

“Èyí tí ọmọ mi ti sọ̀rọ̀.”

Kùdírátù fi abẹ́rẹ́ há gèlè rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí “Màmá Tapólì”. Kò fo ibì kankan. Nígbà tó dé ibi omi, Ìsìlámíyátù di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ṣé ó mu ún?”

Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ ní kóòtù pé kò lè gbé e mì. Kùdírátù wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

“Ó mu ún,” ló wí. “Ó mu ún dáadáa.”